Àkùkọ Kì Í Dé Ilé Adájọ́

   Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò wí pé, "Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí a rí i." Àmín. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá mọ̀ ni í dẹ́rù bani jù lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí n tó bọ́jú tán, mo gbọ́ igbe àkùkọ lẹ́nu ọ̀nà mi, bẹ́ẹ̀ n kò sin adìẹ. Bí mo ti ṣílẹ̀kùn, obìnrin kan ni mo bá lórí ìkúnlẹ̀. Ìyàwó ilé ni ní agbo ilé ìyá mi, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Àkànrán. Nítorí náà, ìyá ọkọ ni ó máa ń pè mí. Ó fi okùn so àkùkọ ńlá kan lẹ́sẹ̀, iṣu 6 wà nínú agbọ̀n rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ọmọ ọdún 11, sì ru ike epo pupa kan tẹ̀lé e.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà ni?"

Ó ní, "Ìyá ọkọ mi, àlàáfíà kọ́. Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí."

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 23, ni àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tí ń gbógun ti òògùn olóró, bá àpò igbó lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ahéré oko. Wọ́n ti gbé e dé ilé-ẹjọ́, ọjọ́ Ọjọ́rú tí ń bọ̀ ni ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó bá pàdé ní ibùdókọ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ rárá, ti sọ fún un pé òun mọ ilé adájọ́, pé obìnrin ni, àti pé bí ó bá lè mú owó wá, òun yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó wa kò rí owó náà kó jọ. Àkùkọ àti iṣu ni ó rí. Ó wá bẹ̀ mí pé kí èmi tí mo ń gbé Ìbàdàn mú òun lọ. Ó ní, "Abiyamọ bí tiwa ni. Bí ó bá rí mi lórí ìkúnlẹ̀, inú rẹ̀ yóò yọ́."

N kò fi í rẹ́rìn-ín. Bí a ti tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí ọmọ wa bá ṣẹ baálẹ̀ tàbí ẹlòmíràn ní àdúgbò, a ó mú nǹkan lọ́wọ́, a ó kúnlẹ̀, a ó bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í ṣe baálẹ̀. Kì í ṣe òun ni a ṣẹ̀, òfin kò sì fún un ní agbára láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini nínú yàrá ilé rẹ̀. Mo ní kí ó so àkùkọ náà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó jókòó, kí òun àti ọmọ rẹ̀ jẹun. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà lónìí.

Ilé-ẹjọ́ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Kóòtù ìbílẹ̀ tí ẹ ń rí nítòsí ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya tí wọ́n fẹ́ ara wọn ní ìlànà ìbílẹ̀, àti ẹjọ́ gbèsè kékeré. Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì ń gbọ́ ẹjọ́ bí olè jíjà àti ìjà ìgboro. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ ni ti ẹjọ́ ńláńlá, bí ìpànìyàn àti ìdigunjalè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ wà. Ọdún 1973 ni a dá a sílẹ̀, nítorí ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ owó tí ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1979 ni ó fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Ẹjọ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀, ti aṣọ́bodè, ti ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti òògùn olóró, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọ ẹni pẹ̀lú igbó, ì báà jẹ́ ní Àkànrán, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Lálúpọn tàbí ní Mọ́níyà, kò sí ohun tí kóòtù ìbílẹ̀ lè rí ṣe sí i. Ẹni tí ó ń wá iyọ̀ kì í lọ sí ìsọ̀ aláṣọ.

Ìyàwó wa wá béèrè pé, "Adájọ́ obìnrin yìí ńkọ́? Ta ni ó fi í síbẹ̀? Ṣé ọkọ rẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yìí dára, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó gùn ni a ń gbà dé orí àga náà. Ọmọ tí ó bá jáde ní ilé-ìwé girama pẹ̀lú èsì tí ó dára yóò lo ọdún 5 ní yunifásítì láti kọ́ òfin. Lẹ́yìn náà, yóò lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà fún nǹkan bí ọdún kan. Bí ó bá yege níbẹ̀, a ó gbà á wọlé sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Láti ọjọ́ náà, ó kéré tán ó ní láti pé ọdún 10 kí a tó lè dárúkọ rẹ̀ fún ipò adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí NJC ni yóò yẹ ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ wò, tí yóò sì dámọ̀ràn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, Ààrẹ ni yóò yàn án. Bí ó bá jẹ́ ti Ìpínlẹ̀, Gómìnà ni. Nígbà tí ó bá pé ẹni ọdún 70 ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí a tó ṣe àtúnṣe sí òfin náà ní ọdún 2023, ọdún 65 ni fún àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1980 ni Kudirat Kékeré-Ẹ̀kún gba oyè òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1981. Ní ọdún 1989, ó di Májísíréètì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nǹkan bí ọdún méje ni ó fi wà ní ìsàlẹ̀ yẹn kí ó tó di adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1996, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 38. Ní ọdún kan náà ni wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn adigunjalè ní Ìkẹjà, iṣẹ́ tí ó ṣe títí di ọdún 1999. Ó gòkè lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2004, ó dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọdún 2013, ní ọdún 2024 ni ó sì di Adájọ́ Àgbà fún gbogbo Nàìjíríà, obìnrin kejì tí yóò dé ipò náà lẹ́yìn Aloma Mukhtar tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 2012. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1981 di 2024, ọdún 43 ni. Ilé-ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ ni òun ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti Ìjọba Àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga méjèèjì, bákan náà sì ni sùúrù tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Àwọn kan ti la ọ̀nà fún un. Stella Thomas, tí a bí ní Èkó, di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1933, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1943, ó di Májísíréètì. Modupe Omo-Eboh ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà, ní ọdún 1969. Ẹnì kejì rẹ̀ súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Dulcie Oguntoye. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú àwọn obìnrin ilẹ̀ wọn, níbẹ̀ ni ó ti pàdé David Oguntoye, ọmọ Yorùbá. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1946, àwọn méjèèjì kọ́ òfin, wọ́n sì wá fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe ilé. Ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó ní ọdún 1976. Lẹ́yìn náà, ó wá ṣe adájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 1988. Adúnọlá ni orúkọ Yorùbá tí ó ń jẹ́. Bí àlejò tí a gbé níyàwó láti òkè òkun bá lè dá ẹjọ́ láàárín wa, ọmọ tí a bí ní Ìyànà Ọ̀fà ńkọ́?

Ṣùgbọ́n àga náà ní owó tí a ń san lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe owó náírà. Ní ọjọ́ tí adájọ́ bá gba iṣẹ́, ó búra pé òun yóò ṣe ẹ̀tọ́ fún onírúurú ènìyàn gẹ́gẹ́ bí òfin, láìbẹ̀rù, láìṣojúsàájú, láìfi ìfẹ́ tàbí ìkórìíra ṣe é. Láti ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bá apá kan sọ̀rọ̀ ẹjọ́ lẹ́yìn apá kejì. Bí ẹjọ́ ìbátan rẹ̀ bá dé, yóò yọwọ́, ẹlòmíràn yóò sì gbọ́ ọ. Òde aríyá tí àwa ń wọ ankárá ẹgbẹ́jọdá lọ, òun ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò mọ ẹni tí yóò dúró níwájú rẹ̀ lọ́la. Òfin-ìpìlẹ̀ kò gbà fún un láti máa ṣòwò pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni òfin yọ sílẹ̀ fún òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn: iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará Lágelú àti Akínyẹlé! Adájọ́ kò lè máa pàtẹ aṣọ, ṣùgbọ́n ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Bí ó bá sì fẹ̀yìntì, kò lè padà sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò níwájú ilé-ẹjọ́ kankan mọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ìyàwó wa wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí àkùkọ wà. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi, a jẹ́ wí pé wàhálà ni n bá kó bá a." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀bùn lọ sílé adájọ́ lè ba ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì lè di olùjẹ́jọ́.

Ní Ọjọ́rú, àwa mẹ́ta lọ sí ilé-ẹjọ́, ìyá, ọmọbìnrin rẹ̀ àti èmi. Nígbà tí adájọ́ wọlé, gbogbo ènìyàn dìde. Obìnrin ni lóòótọ́, ó wọ aṣọ dúdú, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọmọ wa kò sì gbọ́ ọ dáadáa. Nítorí náà, wọ́n fún un ní ògbufọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lábẹ́ òfin-ìpìlẹ̀, kò sì sí owó tí ẹnikẹ́ni gbọdọ̀ gbà fún un. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ Yorùbá ni adájọ́ náà. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ wa ń sọ. Síbẹ̀, ó ń dúró títí ògbufọ̀ yóò fi tú u, kí ó tó fi kálàmù kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí ó wà níwájú rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan ni ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí ó bá wà nínú ìwé yẹn ni ilé-ẹjọ́ tí ó gà jù yóò kà bí a bá pẹ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Adájọ́ kò gbọdọ̀ fi èyí tí etí òun nìkan gbọ́ dá ẹjọ́.

Oṣù méje ni ẹjọ́ náà gbà. Oṣù méje náà ni àkùkọ fi ń jí mi ní ìdájí, nítorí ìyàwó wa kọ̀ láti gbé e padà sílé kí ẹjọ́ tó parí. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì sọ̀rọ̀ tán, adájọ́ dá ọjọ́ fún ìdájọ́. Òfin fún un ní 90 ọjọ́ láti ìgbà náà, ó sì ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kà á, ó kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn olùpẹjọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, ó ka ohun tí ọmọ wa sọ, pé wọ́n kàn gba òun síṣẹ́ ìroko ni. Kò fo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kankan. Ó sọ ìdí tí òun kò fi gbà á gbọ́ níbì kan, àti ìdí tí òun fi gbà á gbọ́ níbòmíràn. Ní ìparí, ó ní ó jẹ̀bi.

Ìyàwó wa bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tí ì tán. Adájọ́ béèrè bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí ó tó dá ìjìyà. Agbẹjọ́rò ọmọ wa dìde, ó ní kò rú òfin rí, ó jẹ́ àkọ́bí opó, ó sì ti kábàámọ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ìyàwó wa fẹ́ lọ bẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n bẹ̀ ní gbangba yìí, níṣojú olùpẹjọ́, níbi tí òfin ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Adájọ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí ó dá fún un kò pọ̀ tó èyí tí a ti ń bẹ̀rù.

Bí a ti ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wa wí pé, "Ìyá ọkọ mi, ó gbọ́ tẹnu ọmọ mi tán kí ó tó dá a lẹ́bi. Bí mo bá ti gbé àkùkọ yẹn lọ ni, títí n ó fi kú, n bá máa rò ó pé àkùkọ mi ni kò tóbi tó."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ obìnrin yìí sọ́kàn. Bí ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ bá dé bá yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé-ẹjọ́ tí ó ni ẹjọ́ náà. Ẹ má ṣe wá ọ̀nà ilé adájọ́, ẹ má sì ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó tí ó bá ní òun yóò "bá yín rí i." Bí ẹ kò bá ní agbára agbẹjọ́rò, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti máa ran aláìní lọ́wọ́. Ẹ tètè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kí ọmọ yín lè rí ojú yín. Nínú ilé yín, ẹ̀yin náà jẹ́ adájọ́. Bí ọmọ méjì bá ń jà, ẹ má ṣe na àgbà kí ẹ tó gbọ́ tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Kí ẹjọ́ yìí tó dé ni wọ́n ti ń gbèrò pé bí ọmọbìnrin kékeré náà bá ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Ìbàdàn, kí owó rẹ̀ lè máa ran ilé lọ́wọ́. Wàhálà ẹjọ́ sì túbọ̀ mú kí wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ ìdájọ́, ọmọ náà jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ta ni ó kọ́ ìyá yẹn ní ìwé kíkọ tí ó yá báyìí?" Ìyá rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó. N kò sọ̀rọ̀, nítorí mo ti sọ tèmi láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó wa tú okùn àkùkọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọjà, ó sì tà á. Aṣọ ilé-ìwé girama ni ó fi owó rẹ̀ rà.